Ṣé Kí N Ta Síríǹjì Fún Un?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ọmọ Ìnísà ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí mi sí, mo sì ní kẹ́mísì kékeré kan ní Asawase. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa, ojú mi ló ṣe dàgbà, ìyá rẹ̀ ń ta waakye. Ó máa ń wá ra síríǹjì lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé ta ni ara rẹ̀ kò yá nílé, ó kàn rẹ́rìn-ín. Lóṣù tó kọjá ni mo rí egbò lápá rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì yé mi. Mo ní mi ò tà fún un mọ́. Mo wá gbọ́ pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń lò báyìí, oorun ò sì kùn mí mọ́. Àáfáà wa ní mo ṣe dáadáa. Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn ní mo ṣe àṣìṣe. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?
Ìyá Oníkẹ́mísì, Asawase

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àánú ọmọ, ìyá wa. Àbúrò yín ni mo gbè.

Kí ọmọ náà tó dé ṣọ́ọ̀bù yín ló ti ra gbáná rẹ̀. Tí kò bá rí abẹ́rẹ́ tuntun, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò yá. Ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú abẹ́rẹ́ àlòkù lè má tó ohun tójú ń rí, síbẹ̀ kòkòrò HIV lè wà láàyè nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ti mẹ́dọ̀wú C a sì máa lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lọ́la, ọmọ yìí á fẹ́yàwó, ìyàwó á lóyún. Ibẹ̀ ni àrùn ti ń kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń gún oògùn, tó ń di ti gbogbo àdúgbò.

Ohun tí ẹ ṣe yìí, odidi ìlú kan ti ṣe é rí. Ní Edinburgh, ní Scotland, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn oníkẹ́mísì kò fẹ́ ta abẹ́rẹ́ fún àwọn tó ń gún heroin mọ́, ọlọ́pàá sì ń gba èyí tí wọ́n bá lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rò pé ire ni wọ́n ń ṣe. Dókítà àdúgbò kan, Roy Robertson, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá yẹ ẹ̀jẹ̀ 164 nínú àwọn tó ń gún heroin wò, èsì rẹ̀ jáde ní 1986: ó lé ní ìdajì wọn tó ti kó HIV. Ní Glasgow tó wà nítòsí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni.

Ní 1984, àwọn tó ń lo oògùn ní Amsterdam ti bá iléeṣẹ́ ìlera ìlú wọn ṣe tiwọn, torí mẹ́dọ̀wú B: mú àlòkù wá, gba tuntun lọ. Àlòkù kò sì wà nílẹ̀ kí ọmọdé tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá wá pààrọ̀ ni wọ́n ń fọ egbò fún, tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Kí Àáfáà gbọ́ èyí o: ní Seattle, Amẹ́ríkà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá pààrọ̀ abẹ́rẹ́ wọ ibi ìtọ́jú láti jáwọ́ ní ìlọ́po márùn-ún ju àwọn tí kò débẹ̀ rí lọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. CEPIAD, ibùdó ìtọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún, tó wà ní ọsibítù Fann ní Dakar, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 2014. Ní Nàìjíríà, ìwádìí 2018 ka nǹkan bí 80,000 ènìyàn tó ń gún oògùn sára; ní 2020, wọ́n dán pínpín abẹ́rẹ́ tuntun wò ní Abia, Gombe àti Ọ̀yọ́. Àní Kofi Annan, tí wọ́n bí ní Kumasi yín níbẹ̀, ló gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní 2013 lórí oògùn olóró ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì ni alága. Wọ́n ní kí a tọ́jú ẹni tó ń lo oògùn bí aláìsàn. Òfin Gánà ti 2020, Act 1019, náà fi owó ìtanràn rọ́pò ẹ̀wọ̀n fún ẹni tí wọ́n bá ìwọ̀nba tó fẹ́ lò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi Pharmacy Council bóyá láísẹ́ǹsì yín gbà yín láyè láti ta síríǹjì. Tó bá gbà yín láyè, ẹ tà á fún un, ẹ sì fún un ní ike líle olómọrí tí yóò máa kó àlòkù sí. Ẹ darí rẹ̀ sí ọsibítù Suntreso tàbí Komfo Anokye, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún HIV àti mẹ́dọ̀wú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún mẹ́dọ̀wú B. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò fún bí oṣù mẹ́ta a sì máa wo C sàn. Tó bá jẹ́ pé láàárín wákàtí 72 ló fi abẹ́rẹ́ ẹlòmíì gún ara rẹ̀, oògùn wà tó lè dènà HIV, ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Nítorí náà, ìyá wa, ẹ má dúró de ọjọ́ tí yóò tún yà. Ẹ ránṣẹ́ pè é lónìí, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun.