Ẹ Fi Tinútinú Yìn Ín

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìyànsàn, nínú 150 Sáàmù inú Bíbélì Yorùbá tí a parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí ni 138, nítorí Dáfídì kọ́kọ́ fi gbogbo ọkàn ki Ọba Àwámárìídìí kí ó tó bẹ̀bẹ̀ pé kí Ó má ṣe kọ iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀ sílẹ̀. Àgbà ní yin ni, yin ni, kí ẹni ṣe òmíràn. Ìyìn Dáfídì yìí ju ìyẹn lọ. Ẹ wo ìyá yín nídìí púpurù, ìṣù ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín yan: bí èéfín ti wù kí ó sọ ẹ̀yìn púpurù náà di dúdú tó, kì í sọ ọ́ nù, ọ̀bẹ ni yóò fi máa họ ọ́ títí funfun inú rẹ̀ yóò fi yọ, torí ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi mọ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run kò ní kọ iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀ sílẹ̀; nítorí náà, ẹ gbàdúrà láìfòyà. Lálẹ́ ọ̀la, kí a tó jẹun, ẹ ó ka Sáàmù náà sétí mi.