Mẹ́wàá Nínú Ọgọ́rùn-ún Wo?

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbójú lé tí wọn kì í fi í béèrè iye tí ọ̀gá ń san sí owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí òkété ń wò yẹn, òun náà ń san owó ilé, ó ń san owó ilé ìwé ọmọ tirẹ̀, kò sì sí òfin tó kàn án nípá pé kó fi nǹkan ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Ọ̀gá ni òfin kàn nípá. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè máa san, ó kéré tán, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 8 tì í. Bí ọ̀gá bá fẹ́ dá ẹrù náà rù, ohun tí yóò san kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 20.

Ọ̀pọ̀ á gbọ́ 10 yẹn, wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé, 10 nínú ọgọ́rùn-ún wo? Ohun tí òfin wí ni pé orí iye tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ bá pè ní owó oṣù la ó ti ṣírò rẹ̀, bí kò bá ṣáà ti kéré sí àpapọ̀ owó oṣù ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀gá tó gbọ́n féfé ti ń rí ọ̀nà gbà. Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦200,000 lóṣù. Bí wọ́n bá ṣírò lórí gbogbo rẹ̀, ọ̀gá á san ₦20,000, òṣìṣẹ́ á san ₦16,000. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ bá pe ₦100,000 nínú rẹ̀ ní owó oúnjẹ, owó aṣọ, owó iná, ìdajì yòókù ni wọn yóò ṣírò lé: ₦10,000 lọ́wọ́ ọ̀gá, ₦8,000 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Láàárín ọdún 10, láìka èrè, ₦4,320,000 ti di ₦2,160,000. Òfin ò bá ọ̀gá wí, ìdá 10 ló ṣáà san. Òṣìṣẹ́ a tiẹ̀ máa yọ̀ pé owó tó ń wọ ọwọ́ òun pọ̀ sí i, láìrántí pé ₦10,000 mìíràn ti jókòó sápò ọ̀gá. Ọjọ́ tí a bá ń dúnàádúrà owó oṣù ló yẹ ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, ká tó fọwọ́ sí ìwé. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Ó tún ku kí owó náà dé ibi tó ń lọ. Ọjọ́ iṣẹ́ 7 ni òfin fún ọ̀gá lẹ́yìn tó bá ti san owó oṣù. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìtanràn wà, kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè náà fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, àwọn kan ń yọ ìdá 8 òṣìṣẹ́ lóṣooṣù, wọn ò sì san kọ́bọ̀. Olè ni mo pe ìyẹn. Ẹ gba àkọsílẹ̀ àkántì yín lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó oṣù. Owó méjì ló yẹ kó hàn fún oṣù kọ̀ọ̀kan, tiyín àti ti ọ̀gá. Bí àkọsílẹ̀ náà bá dúró sí Oṣù Kẹta, tí ẹ sì ti gba owó Oṣù Kẹsàn-án, ẹ má dúró de Kérésì. Kí òṣìṣẹ́ pawọ́ pọ̀ kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, torí ó rọrùn fún ọ̀gá láti lé ẹnì kan ju kó lé gbogbo wọn lọ.

Àwọn kan á ní náírà ń jó rẹ̀yìn, kí ni owó tí wọn ò ní fọwọ́ kàn títí wọn yóò fi pé ẹni 50 ọdún fẹ́ ṣe fún wọn? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n yá èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìfẹ̀yìntì, àwọn ọdún sì wà tí èrè rẹ̀ ò lé ọ̀wọ́n gógó ọjà bá. Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà mìíràn tó wà nílẹ̀. Alájọ tó ń gbàjọ lójoojúmọ́ a máa mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù, ohun tí a dá á dín kó tó padà wálé. Níbí, ẹni tó dá ₦8 bá ₦18 níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọn ò sì yọ owó orí lára ₦8 náà kó tó wọlé. Ọ̀wọ́n ọjà á ti jẹ ju ìdajì owó náà lọ kó tó kan tirẹ̀. Ẹni bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù, kí ọ̀gá ṣáà bá wa pọn nínú omi náà.

Ọ̀gá náà ní àwáwí tirẹ̀, pé ìdá 3 péré ni dandan fún agbanisíṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Oṣù Kẹrin 2019, tí òṣìṣẹ́ ń mú 5 wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ tún ń san owó àgbà tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún ẹni tó bá ti san National Insurance, ìyẹn owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, fún iye ọdún tí òfin là sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni ní Nàìjíríà ò ní irú rẹ̀. Ìdá 18 yẹn ló ní. Ní ti ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, ó ti lè ṣí àkántì ìfẹ̀yìntì ní Nàìjíríà láti ọdún 2019, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi 10 tì í.

Ohun kan wà tí òṣìṣẹ́ kì í sábà béèrè. Òfin ọdún 2014 kan náà ní kí ọ̀gá ra ìwé adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, iye rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po 3 owó ọdún kan. Ẹ béèrè ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rà á àti orúkọ ẹni tí wọ́n kọ pé yóò gba owó náà. Bó bá jẹ́ àbúrò tí ẹ kọ nígbà tí ẹ ò tíì ṣègbéyàwó ló ṣì wà níbẹ̀, ẹ lọ yí i padà lọ́sẹ̀ yìí.