Ìka Tó Ṣẹ̀ Ni Ọba Ń Gé

Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Kò sí ọmọ Yorùbá tó nílò ìtumọ̀ òwe yìí, àmọ́ ẹ dé ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Ẹdẹ, láti Òkè-Gàdà títí dé Akódà, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gé ìka tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Píjò 504 àtijọ́ kan á wọlé, sítíárìn rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí ẹnikẹ́ni tó wà á dé títì, wọ́n ti ní kí olówó lọ ra ṣọ́ọ̀kì. Ṣọ́ọ̀kì dé, kò yí padà. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ni. Ìyẹn náà dé, pàbó ló já sí. Ìgbà tí owó bá tán ni ẹnì kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ wo rìímù, tí yóò rí i pé ó ti tẹ̀ níbi tó já sí kòtò. Inú ń bí mi sí i, nítorí àyẹ̀wò tí ì bá ti fi rìímù náà hàn kò lè gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Àwọn kan á ní ọkọ̀ tó ti dàgbà tó yẹn, kí ni kò ní í mú un gbọ̀n? N kò gbà. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, ó gba oyè ọkọ̀ ọdún 1969 ní Yúróòpù, ọdún 1975 sì ni iléeṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. Ọkọ̀ tó rí ọ̀nà burúkú tó sì là á já ni. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń mú un gbọ̀n. Ohun tó jẹ, tó tẹ̀ tàbí tó tú ni, kálukú wọn ló sì ní àmì tirẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú sípánà ni pé ìgbà wo ló ń gbọ̀n? Ẹ gbé e sí ọ̀nà Gbọ̀ngán láàárọ̀ kùtù, nígbà tí títì bá dá. Bí ó bá di nǹkan bí 80 kìlómítà ní wákàtí kan kó tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kò sì sí lórí bíréèkì, táyà àti rìímù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ó lè jẹ́ òjé bálánsì ló já bọ́, ó lè jẹ́ wáyà inú táyà ló já tí táyà sì wú níbì kan. Bí ó bá jẹ́ sítíárìn ló ń jà mọ́ yín lọ́wọ́, iwájú ni. Bí ó bá jẹ́ àga tí ẹ jókòó lé ló ń gbọ̀n, ẹ wo ẹ̀yìn. Ẹ yọ jíà sí fíríì bí ọkọ̀ ṣe ń lọ: bí ó bá dákẹ́, ẹ lọ wo ẹ́ńjìnnì àti síìtì rẹ̀, bí kò bá dákẹ́, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni. Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ gbé táyà iwájú sẹ́yìn, kí ẹ gbé tẹ̀yìn síwájú, rìímù àti gbogbo rẹ̀. Bí gbígbọ̀n bá kúrò lọ́wọ́ tó bọ́ sí ìdí, ọ̀daràn ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ìlà DOT lára táyà pẹ̀lú, pàápàá bó bá jẹ́ tòkunbọ̀: 0319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹta ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Ti bíréèkì yàtọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń lọ geere, tó jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì ló ń gbọ̀n, ẹ fi bálánsì sílẹ̀. Sítíárìn tó ń mì ń tọ́ka sí díìsìkì iwájú. Pákó ọkọ̀ àti àga tó ń mì ń tọ́ka sí dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, irú èyí tí station wagon ní. Níbi tí kò sí ọkọ̀ mìíràn, ẹ rọra fa hand brake lórí ìrìn jẹ́jẹ́. Ẹ̀yìn nìkan ni ó ń mú, nítorí náà bí gbígbọ̀n kan náà bá yọjú, ẹ̀yìn ló jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ iwájú, mẹkáníìkì á ní díìsìkì ti wọ́, á gbé e lọ fún tọ́nà kó rẹ́ ojú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, nítorí díìsìkì kọ́ ló ṣẹ̀. Ìpẹtà tín-ń-tín tó há sáàárín họ́ọ̀bù àti díìsìkì ni kò jẹ́ kó jókòó dáadáa. Ibì kan náà lára rẹ̀ ń kan páàdì ní gbogbo ìyípo, títí ibẹ̀ fi fẹ́lẹ́ ju ibi yòókù lọ. Ìyàtọ̀ bíi mìlímítà 0.02 lásán, ẹsẹ̀ awakọ̀ á ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá rẹ́ díìsìkì láìfi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha họ́ọ̀bù ti na ẹni tí wọ́n jà lólè. Àwọn mẹkáníìkì á ní àwọn kò ní gáàgì tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n so wáyà líle kan mọ́ ibi tí kì í yí, kí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan díìsìkì, kí wọ́n fọwọ́ yí díìsìkì náà: bí àlàfo bá ń fẹ̀ tó ń há, ẹjọ́ ti délẹ̀.

Kì í ṣe mẹkáníìkì nìkan ló lẹ̀bi. Àwa oníbàárà kì í fẹ́ sanwó fún àyẹ̀wò. Ẹni tó fi wákàtí kan wá ọ̀ràn rí, tó fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà yanjú rẹ̀, a ó bi í pé kí ló ṣe tó fẹ́ gbowó. Ẹni tó so ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin tí kò wúlò, a ó kí i kú iṣẹ́. Ta ni kò ní í ta ṣọ́ọ̀kì? Ẹ bá mẹkáníìkì dúnàádúrà owó àyẹ̀wò kó tó gbé jáàkì.

Síbẹ̀, bí a bá ti rí ìka tó ṣẹ̀ tán, ibẹ̀ gan-an ni òwe náà ti kùnà. Bí irin tó ń gbé páàdì rìn bá há lápá òsì, páàdì òsì á jẹ tán, rìímù ẹ̀gbẹ́ náà á sì gbóná ju tọ̀tún lọ. Òsì ló ṣẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọba tó bá gé òsì nìkan ń wá wàhálà: páàdì tuntun lápá kan àti ògbólógbòó lápá kejì kì í mú dọ́gba, ọkọ̀ á máa ya sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ẹ tú irin tó há, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ páàdì méjèèjì. Ẹni tó bá ní owó òun kò tó ti méjì, kó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ títí owó yóò fi pé. Páàdì ọ̀tún tí wọ́n bá bọ́, tó ṣì nípọn, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ yín, nítorí ẹyọ kan lápá kan ni yóò lọ so ó sí lára ọkọ̀ ẹlòmíràn.