Òdòdó Àìrọ Nínú Ọgbà: Ṣe Báyìí, Má Ṣe Báyìí

Ọsirélíà ni òdòdó yìí ti wá, ìgbà àti ilẹ̀ ibẹ̀ ni mo sì tẹ̀ lé. Oòrùn, ilẹ̀ tí kì í dá omi dúró, ọwọ́ tó fúyẹ́ nídìí omi: ohun tó ń fẹ́ nìyẹn. Àkẹ́jù ń pa á ju ìyà lọ.

Kí o tó rà á

Ka orúkọ tó wà lára ike rẹ̀. Xerochrysum bracteatum ni kí o wá.
Má ṣe kọ èyí tí wọ́n kọ Helichrysum bracteatum tàbí Bracteantha bracteata sí lára. Òdòdó kan náà ni. Láti 1803 ni àwọn onímọ̀ ti ń pààrọ̀ orúkọ fún un.

Ra irúgbìn bó bá jẹ́ oríṣiríṣi àwọ̀ lo fẹ́: funfun, ìyeyè, ọsàn, pupa fòò.
Má retí kí ìwọ̀nyẹn kọjá ọdún kan.

Ra ọ̀gbìn inú ike bó bá jẹ́ èyí tó máa pẹ́ lo fẹ́. Dargan Hill Monarch ni màá kọ́kọ́ mú. Queensland, nítòsí Cunninghams Gap, ni wọ́n ti rí i lọ́dún 1961; òdòdó rẹ̀ tóbi, àwọ̀ wúrà ni, ó sì ń lo ọdún méjì sí mẹ́ta.
Má ṣe gbin hóró rẹ̀ kí o máa retí ọmọ tó jọ ìyá. Ẹ̀ka tí a gé lára rẹ̀ nìkan ló ń jọ ọ́.

Yọ ọ̀gbìn náà kúrò nínú ike kí o tó sanwó, kí o wo gbòǹgbò rẹ̀. Kó funfun, kó má rùn.
Má tìtorí òdòdó tó ti là mú un. Èyí tó ní ẹ̀ka púpọ̀ nísàlẹ̀, tí kò tíì là, ló dára jù.

Ra irúgbìn rẹ ní Ọsirélíà níbẹ̀.
Má ṣe kó irúgbìn tàbí iyẹ̀pẹ̀ sínú àpótí láti òkè òkun wá. Bó bá ti wà nínú ẹrù rẹ, kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún arìnrìn-àjò. Ẹni tó bá fi pamọ́ lè sanwó ìtanràn.

Ààyè àti ilẹ̀

Gbìn ín síbi tí oòrùn ti ń ràn fún wákàtí mẹ́fà lóòjọ́, ó kéré tán.
Má ṣe gbìn ín sábẹ́ igi. Yóò ga, yóò tẹ̀, kò ní là dáadáa.

Dán ilẹ̀ wò kí o tó gbin ohunkóhun. Gbẹ́ ihò tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, da omi kún un, jẹ́ kí ilẹ̀ fà á mu, kí o tún da òmíràn sí i. Padà wá lọ́jọ́ kejì.
Má ṣe gbìn síbẹ̀ bí omi bá ṣì wà nínú ihò.

Kọ ebè bí ilẹ̀ rẹ bá jẹ́ amọ̀, bíi ti apá ìwọ̀ oòrùn Melbourne. Ebè tó ga tó 20 sẹ̀ǹtímítà ti tó.
Má ṣe gbẹ́ ihò sínú amọ̀ kí o wá da iyẹ̀pẹ̀ dáadáa kún un. Omi yóò gúnlẹ̀ síbẹ̀, gbòǹgbò yóò jẹrà.

Po kọ́ńpóòsì mọ́ iyanrìn Perth, kí o sì lo oògùn tó ń mú iyanrìn gba omi.
Má rò pé omi ti wọlẹ̀ nítorí pé òkè ti rin. Iyanrìn Perth tó bá ti gbẹ kì í gba omi mọ́. Fi ìka walẹ̀ wò ó.

Ìkòkò ńkọ́? Ó dára, pàápàá fún àwọn tí kì í ga. Lo èyí tó ní ihò nísàlẹ̀, kí o sì gbé e lé orí bíríkì.
Má ṣe fi àwo sábẹ́ rẹ̀ kí omi máa wà níbẹ̀.

Ìgbà

Ka ìgbà bí wọ́n ṣe ń kà á ní Ọsirélíà. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni ooru ńlá, oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni òtútù.
Má ṣe tẹ̀ lé àkókò tí wọ́n kọ sára páálí irúgbìn tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Fọ́n irúgbìn láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá ní Melbourne. Ní Canberra, jẹ́ kí ìrì dídì tán kí o tó gbé ọmọ tuntun jáde.
Má ṣe fọ́n ọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àárín òtútù níbi méjèèjì.

Fọ́n ọn láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹjọ ní Brisbane.
Má jẹ́ kí oṣù Kejìlá bá ọmọ kékeré nílẹ̀ níbẹ̀. Òjò àti ooru olómi ni ọ̀tá rẹ̀.

Fífọ́n àti gbígbìn

Wọ́n irúgbìn sójú iyẹ̀pẹ̀ tó rin, kí o fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́.
Má ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń mú un hù.

Gbé àwo irúgbìn sínú omi díẹ̀, kí ó máa fà á láti ìsàlẹ̀.
Má ṣe da omi lé e lórí. Gbogbo irúgbìn yóò ṣàn lọ sí igun kan.

Fi í síbi tí ooru rẹ̀ wà láàárín dígírì 18 sí 24. Ó lè hù ní ọjọ́ 3, ó lè pẹ́ tó ọjọ́ 20.
Má ṣe da iyẹ̀pẹ̀ nù ní ọ̀sẹ̀ kìíní.

Di ewé rẹ̀ mú nígbà tó o bá ń tú u lọ síbòmíràn.
Má ṣe di ọrùn igi rẹ̀ mú. Bí ewé kan bá ya, òmíràn ń bọ̀. Bí ọrùn bá fọ́, ó parí.

Fi 30 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ọ̀kan àti èkejì.
Má ṣe kó wọn jọ pọ̀. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa gba àárín wọn kọjá.

Já orí rẹ̀ nígbà tó bá ga tó 15 sẹ̀ǹtímítà, kó lè yọ ẹ̀ka.
Má ṣe káàánú rẹ̀. Orí kan tó o bá já yóò di mẹ́ta, mẹ́rin.

Ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ fún àwọn tó máa ń ga tó mítà kan, lọ́jọ́ tó o gbìn wọ́n gan-an.
Má dúró kí atẹ́gùn wó wọn kí o tó wá ọ̀pá. Gbòǹgbò wọn ò jìn.

Omi àti ajílẹ̀

Bomi rin ín dáadáa ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ti ìka bọlẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá gbẹ níbẹ̀, bomi rin ín.
Má ṣe bomi rin ín nítorí pé ó ti mọ́ ọ lára láràárọ̀.

Da omi sí ìdí rẹ̀, ní òwúrọ̀.
Má ṣe fi họ́ọ̀sì wẹ ewé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àrùn ewé ń tibẹ̀ wọlé.

Wo òdòdó rẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣú: yóò ká ara rẹ̀ pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, yóò tún là.
Má rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ nígbà tó bá ká. Ìrọ̀rínrin afẹ́fẹ́ ló fà á. Fi ike omi rẹ sílẹ̀.

Fún un ní ajílẹ̀ oníhóró tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀nba, lẹ́ẹ̀kan nígbà ìrúwé.
Má ṣe da ìgbẹ́ adìẹ tútù sí ìdí rẹ̀. Ewé ni yóò máa yọ, igi rẹ̀ á rọ̀, òdòdó á dín kù.

Fi òkúta wẹ́wẹ́ bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀ kí èpò má bàa hù.
Má jẹ́ kí ohun tó o fi bo ilẹ̀ kan igi rẹ̀.

Gígé

Gé òdòdó tó bá ti gbó, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí òmíràn lè yọ.
Má ṣe já orí nìkan kí o fi igi sílẹ̀. Gé e dé ibi tí ewé tuntun wà.

Gé àwọn tó ń kọjá ọdún kan sílẹ̀ nígbà tí òtútù bá fẹ́ tán. Fi ewé tútù díẹ̀ sílẹ̀ lára ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.
Má ṣe gé e dé ibi igi gbígbẹ tí kò ní ewé. Kò ní yọ mọ́.

Gé ẹ̀ka tí kò ní òdòdó lórí, tó gùn tó 8 sẹ̀ǹtímítà, ti ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ri ín mọ́ iyanrìn tó rin. Bó o ṣe ń sọ Dargan Hill Monarch di púpọ̀ nìyẹn.
Má dúró kí ìyá kú kí o tó gé ẹ̀ka.

Kòkòrò àti àrùn

Jáde lálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí o ṣa ìgbín kúrò lára ọmọ tuntun.
Má ṣe dúró di òwúrọ̀. Wọ́n á ti jẹ ẹ́ tán.

Fi ìdin labalábá Vanessa kershawi sílẹ̀ bí kò bá pọ̀. Ọmọ Ọsirélíà ni òun náà, ewé yìí sì wà lára oúnjẹ rẹ̀.
Má ṣe fín oògùn kòkòrò nígbà tí oyin bá wà lórí òdòdó.

Já ewé tó bá ní àwọ̀ ìyeyè lókè, tó sì ní ohun funfun bí òwú nísàlẹ̀. Kó o dà sínú ike ìdọ̀tí.
Má ṣe kó o sínú kọ́ńpóòsì.

Fa èyí tó bá ń rọ láìnídìí tu, kí o wo gbòǹgbò rẹ̀. Kókó tó bá so sí i lára, aràn inú ilẹ̀ ni.
Má ṣe gbin òmíràn sójú ihò yẹn.

Èyí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ti ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà

Òdòdó àìrọ mìíràn nìyí, ó sì ní ìlànà tirẹ̀. Rhodanthe chlorocephala, ẹ̀yà rosea, ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń bo Kings Park ní Perth nígbà ìrúwé.

Jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, kí èpò hù, kí o ro ó, kí o tó fọ́n irúgbìn. Iṣẹ́ yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá fò ó yóò máa wá òdòdó láàárín koríko.
Má ṣe fọ́n ọn sórí ilẹ̀ tí èpò wà.

Po irúgbìn mọ́ iyanrìn gbígbẹ, kí o fọ́n ọn ní oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún. Fi réèkì fà á fẹ́rẹ́.
Má ṣe rì í wọlẹ̀ jìn.

Jẹ́ kí ilẹ̀ máa rin títí tí yóò fi hù tán. Lẹ́yìn náà òjò ìgbà òtútù ni yóò tọ́jú rẹ̀. Bí òjò bá dá, bomi rin ín.
Má ṣe fi ajílẹ̀ tó lágbára sí i.

Jẹ́ kó gbẹ pátápátá lórí ìdúró lẹ́yìn tó bá ti là tán, kí o wá fà á tu, kí o sì gbọn orí rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.
Má ṣe kánjú palẹ̀ rẹ̀ mọ́ nítorí pé kò lẹ́wà mọ́.

Gé èyí tó wà lọ́gbà rẹ bó ṣe wù ọ́.
Má ṣe já èyí tó wà nínú igbó tàbí ẹ̀gbẹ́ títì. Òfin ìpínlẹ̀ náà ń dáàbò bò ó. Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Gígé fún gbígbẹ nínú ilé

Gé òdòdó Xerochrysum ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nígbà tí ìrì ti gbẹ.
Má ṣe gé e lẹ́yìn òjò. Yóò bu.

Mú èyí tí ìlà ewé òdòdó méjì tàbí mẹ́ta ti là nìta, tí àárín rẹ̀ ṣì ká gírígírí. Yóò máa là lọ nígbà tó bá ń gbẹ.
Má ṣe mú èyí tí àárín rẹ̀ ti hàn. Ewé rẹ̀ yóò yí sẹ́yìn, àárín á di búráùn, irun irúgbìn á máa fò kiri yàrá.

Ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ìdí orí òdòdó nígbà tó ṣì tutù. Omi ara rẹ̀ yóò mú kí wáyà dípẹtà díẹ̀, ìpẹtà yẹn ni yóò sì dì í mú pinpin.
Má dúró kó gbẹ kí o tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Orí á fọ́. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé igi rẹ̀ nìkan, nítorí igi gbígbẹ kì í lè gbé orí.

Fi rọ́bà di mẹ́wàá mẹ́wàá pọ̀, kí o so wọ́n kọ́, kí wọ́n dorí kodò níbi tó ṣókùnkùn, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.
Má ṣe fi okùn dì í. Igi á súnkì nígbà tó bá gbẹ, òdòdó á máa já bọ́. Rọ́bà ń fún mọ́ ọn.

Fi í sínú fáàsì tí kò ní omi, jìnnà sí fèrèsé.
Má ṣe gbé e sí ilé ìdáná tàbí ilé ìwẹ̀. Ooru omi yóò mú un ká, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣá.

Irúgbìn ọdún tó ń bọ̀

Fi orí mélòó kan sílẹ̀ láìgé. Nígbà tí irun irúgbìn bá ti ń tú, fi àpò bébà bò ó, gé e, gbọ̀n ọ́n.
Má ṣe lo ọ̀rá. Irúgbìn á làágùn nínú rẹ̀.

Kọ orúkọ àti ọdún sára àpò náà, kí o fi í síbi tó tutù, tó sì gbẹ.
Má ṣe gbàgbé ìyókù tó já sílẹ̀ lọ́gbà. Bí òjò bá rọ̀, wá ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ kí o tó gbé ọkọ́.