Ìtọ́jú Eyín Nínú Ilé: Fífọ Ẹnu Láàárọ̀ Nìkan Kò Tó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìpáò àti agbègbè rẹ̀ ni a ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìfipamọ́ tàbí ti ẹ̀yáwó. Ọ̀rọ̀ eyín ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bi ara rẹ̀ pé kí ló kan ẹgbẹ́ nínú eyín, ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí pé ẹni tí akokoro bá mú kò lè jókòó ti ọjà rẹ̀, kò lè roko, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sùn. Owó tí ó yẹ kí ó lọ sínú òwò ni yóò fi máa ra oògùn kiri.

Àwa Yorùbá kì í fi ẹnu àìfọ̀ kí àgbà. Ọmọ tí ó bá jí, tí kò tíì fọ ẹnu, kò gbọdọ̀ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ láti kí i. Àṣà yìí dára, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: nítorí àwọn tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni a ṣe ń fọ ẹnu láàárọ̀. Èyí tí a bá fọ̀ lálẹ́ ni ti eyín fúnra rẹ̀, òun gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì í ṣe. A ó jẹ iyán tán, a ó fi omi yọ ẹnu lẹ́ẹ̀kan, ó di orí ibùsùn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá sùn nìyí. Itọ́ tó ń fọ ẹnu wa lọ́sàn-án a máa dínkù lóru. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀, yóò wá jókòó ti oúnjẹ tó há sáàárín eyín, pàápàá ohun tó bá dùn. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ di omi kíkan, omi kíkan yìí ni ó sì ń jẹ ara eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lu ihò. Nítorí náà, kòkòrò eyín kì í ṣe irú èyí tó ń jẹ àgbàdo nínú abà, tó ní orí, tó ní ìrù. Bí ẹnikẹ́ni bá da oògùn sí yín lẹ́nu lọ́jà, tí ó sì fi ìdin funfun hàn yín pé òun ló jáde láti inú eyín yín, ẹ má ṣe gbà á gbọ́ o. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìdin náà ti wá.

Èérí tí a kò bá fọ̀ kúrò lára eyín tún ní iṣẹ́ ibi kejì. Yóò le bí òkúta sí ìdí eyín, ibẹ̀ yóò wú, yóò pupa, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa jáde nígbà tí a bá ń fọ ẹnu. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹran tó di eyín mú yóò máa sún kúrò, eyín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mì, yóò sì yọ lọ́jọ́ kan láìsí ìrora púpọ̀. Àwọn ènìyàn á wá ní ogbó ló dé. Kì í ṣe ogbó. Ẹni 70 ọdún tó tọ́jú ẹnu rẹ̀ lè fi eyín ara rẹ̀ jẹ ẹran. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí èyí ni pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde, ẹlòmíràn á dá ẹnu fífọ̀ dúró níhà ibẹ̀ pé kí ó sinmi. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí a rọra máa fọ̀ jù. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kí dókítà eyín rí i. Aláboyún, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ń lo áṣáà, àwọn wọ̀nyí ni kí ó ṣọ́ra jù lọ.

Kí ni kí a wá fi fọ ọ́? Àwọn ọmọ ilé ìwé a máa fi orín ṣe yẹ̀yẹ́ bí ohun ará oko, wọn kò mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 1971, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí Sofowora tó jẹ́ onímọ̀ nípa ewé àti egbò wà lára wọn, tẹ ìwé jáde lórí orín ilẹ̀ wa, wọ́n sì fi hàn pé omi ara àwọn orín náà ń dá àwọn kòkòrò ẹnu dúró. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti gbà pé kí àwọn tó ń lo orín máa lò ó lọ. Orín àtà, orín ìjẹ̀bú, orín ewúro, gbogbo wọn ló wúlò. Ohun tó kù ni ọ̀nà tí a ń gbà lò ó.

Ẹ rún orí rẹ̀ títí yóò fi rọ̀ bí ìgbálẹ̀ kékeré kí ẹ tó fi kan eyín, nítorí orín líle a máa bó ẹran ìdí eyín. Ẹ fọ̀ ọ́ láti ìdí eyín wá sí ẹnu rẹ̀, kì í ṣe bí ẹni ń fi ayùn la igi. Ọ̀pọ̀ wa ni eyín iwájú ń dán lẹ́nu rẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ń rí, pàápàá àwọn tó ní èjí! Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn eyín, níhà ọ̀dọ̀ ahọ́n, àti àwọn eyín inú lọ́hùn-ún tí a fi ń lọ oúnjẹ, orín kò dé ibẹ̀ rí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá lò ó tán, ẹ gé orí tí ẹ lò kúrò. Ọ̀rọ̀ kan tún ku lórí orín àtà: ó máa ń ta ahọ́n, ẹnu á sì kú tipiri. Bí eyín bá ń dun ènìyàn, tí ó sì rún orín àtà tí ìrora náà rọlẹ̀, kí ó má ṣe rò pé eyín ti sàn. Ihò náà ṣì wà níbẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín ní àǹfààní kan tí orín kò ní, òun ni ohun tí wọ́n ń pè ní fluoride, tó ń mú kí ara eyín le láti kọ omi kíkan. Ẹ wo ara páálí kí ẹ tó ra ọṣẹ ìfọyín. Bí ẹ kò bá rí ọ̀rọ̀ yẹn níbẹ̀, ẹ dá a padà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan tó fún un. Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan. Kí wọ́n tutọ́ rẹ̀ dànù, kí wọ́n má gbé e mì. Kí olúkúlùkù sì ní búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Lójú tiwa, ẹni tó bá lè ṣe é kí ó fi orín fọ̀ láàárọ̀, kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ lálẹ́, kò sì gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, àfi omi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta súìtì, bisikíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò, a kò ní kí ẹ má ta ọjà yín. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń lá súìtì ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ń ba eyín rẹ̀ jẹ́ ju ẹni tó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ lọ, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kò ráyè fọ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń jókòó ti ìyá wọn nínú ìsọ̀ ni ìyà yìí ń jẹ jù.

Àwọn kan á ní eyín àkọ́hù ọmọ yóò sáà yọ, tí ọmọ yóò sì jù ú sórí òrùlé, kí ni à ń fọ̀ ọ́ sí? Ogún ni eyín àkọ́hù, ó sì máa ń pé lẹ́nu ọmọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Àwọn ni wọ́n ń di àyè mú de eyín àgbà. Bí wọ́n bá jẹrà kí àsìkò tó tó, eyín tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní í mọ ibi tí yóò gbà. Láti ìgbà tí àkọ́kọ́ bá ti yọ, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ni kí ìyá ti máa fi aṣọ mímọ́ tútù nù ún. Ẹ má sì fi ìgò ògì tó ní ṣúgà sí ọmọ lẹ́nu sùn.

Ibi hí hu eyín yìí ni a fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí ọ̀fọ̀ ńlá ti ṣẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí nípasẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ìròyìn tàn ká pé àwọn ọmọ ọwọ́ ń dé ilé ìwòsàn tí wọn kò lè tọ̀ mọ́. Oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin ni àwọn ìyá wọn ti fún wọn, oògùn ọmọ tó ń hu eyín, tí ilé iṣẹ́ Barewa ní Èkó ṣe. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, májèlé kan tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú omi ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ nílẹ̀ òtútù. Propylene glycol ló yẹ kí ó wà níbẹ̀. Orúkọ wọn jọra, ojú wọn jọra. Ọwọ́ oníṣòwò kan tí kò ní ìwé àṣẹ ni ilé iṣẹ́ náà sì ti ra ohun tí wọ́n pò mọ́ oògùn. Májèlé náà ba kíndìnrín àwọn ọmọ náà jẹ́. Ọmọ 84 ló kú. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà méjì lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́: ní 1990, irú májèlé yìí kan náà nínú oògùn ibà olómi pa ọmọ 47 ní Jos.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ kíyè sí i pé oògùn yẹn kì í ṣe ti abẹ́ igi. Ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ ló ṣe é, inú ìgò tó mọ́ ló wà. Ohun tó dùn wá jù ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò nílò oògùn. Hí hu eyín kì í ṣe àìsàn. Ó lè mú kí itọ́ dà lẹ́nu ọmọ, kí inú bí i, kí ó máa bu nǹkan jẹ, ṣùgbọ́n kò lè fa ibà gbígbóná, kò sì lè fa ìgbẹ́ gbuuru. Àsìkò yẹn gan-an ni ọmọ ń rákò, tó ń he gbogbo nǹkan sẹ́nu, tí ààbò tó gbà lára ìyá rẹ̀ sì ń dínkù. Ìdí nìyẹn tí àìsàn fi ń pàdé eyín lójú ọ̀nà. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wo ibà. Tí a bá ní “ibà eyín ni”, ibà gidi lè pa ọmọ mọ́ wa lọ́wọ́. Fún eyín, ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ fi ìka ra ibẹ̀, tàbí kí ẹ fún un ní aṣọ tútù tó mọ́ kí ó máa bù jẹ. Ó tán.

Àrùn kan tún wà tí a kò rí púpọ̀ ní ìhín ṣùgbọ́n tó yẹ kí a mọ̀, noma ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà tí oúnjẹ kò tó, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èéyi, ni ó máa ń mú. Láti ìdí eyín tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó sì ń rùn, ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó lè jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wọnú. Ìwọ̀ oòrùn àríwá ni ó pọ̀ sí, wọ́n sì ní ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Sókótó láti 1999. Ní oṣù kejìlá 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sára àwọn àrùn tí ayé ti patì, Nàìjíríà ló sì ṣáájú àwọn tó bẹ̀bẹ̀ fún un. Bí a bá tètè rí i, oògùn tó wọ́pọ̀ nílé ìwòsàn àti oúnjẹ gidi ń wò ó.

Bí akokoro bá ti dé ńkọ́? Ẹ má ṣe fi omi bátìrì sí i. Ẹ má ṣe lọ ásípíríìnì mọ́ ìdí eyín, ó máa ń bó ẹran ibẹ̀. Ògógóró kò wo eyín sàn. Ẹ fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu, kí ẹ sì múra ọ̀nà. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ara ń gbóná, tí itọ́ gbígbé mì ń ṣòro, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, kódà bí ó jẹ́ ọjọ́ ọjà, nítorí wíwú yẹn lè sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun kí ó sì dí èémí.

Láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì ni ó súnmọ́ wa tí dókítà eyín wà. Ẹ ó gba Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́ kọjá. Ọ̀nà náà jìn, nítorí náà kí àwọn tó bá ní eyín tó ń mì tàbí tó ní ihò fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí wọ́n lè jọ wọ ọkọ̀ kan náà, kí owó ọkọ̀ lè fúyẹ́. Ẹni tó bá ti lo oògùn kankan nílé, ti ewé ni o, ti òyìnbó ni o, kí ó mú páálí tàbí ìgò rẹ̀ dání fún dókítà.