Fi Àlìkámà Sílẹ̀, Má Fi Adùn Sílẹ̀

Àbúrò mi, bí dókítà bá ti ní kí o jìnnà sí gluten, má torí ìyẹn sọ ìrẹsì funfun di oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ráì ni gluten wà. Kò sí nínú ẹ̀wà. Ní Prince George's County, ní ìpínlẹ̀ Maryland tí a ń gbé yìí, àwọn ará Íńdíà tó mọ ẹ̀wà sè láìsí ẹran wà nítòsí wa. Tẹ́ńpìlì Híńdù ti Sri Siva Vishnu àti ti Murugan wà ní Lanham, àwọn ṣọ́ọ̀bù ará Íńdíà sì wà lápá Langley Park. Àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn ni kí o ti lọ ra besan.

Ìyẹ̀fun ẹ̀wà chana ni besan, òun ni wọ́n fi ń ṣe chilla, pańkéèkì tí kò ní ẹyin, mílíìkì tàbí ṣúgà. Ife besan kan ní tó gíráàmù 20 èròjà amúaradàgbà. Ìwọ tó o ti po àkàrà rí, kò ní í ṣòro fún ọ.

Bu ife besan kan sínú abọ́. Fi iyọ̀, ìdajì ṣíbí kékeré atalẹ̀ pupa àti jeera (cumin) díẹ̀ sí i. Rẹ́ àlùbọ́sà, ata àti atalẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i. Bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ bá wà nílé, rẹ́ ẹ mọ́ ọn. Máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀, kó má bàa ní kókó; omi náà kì í sábà ju ife kan lọ. Kó ṣàn ju àkàrà lọ, ṣùgbọ́n kó má ṣe dà bí ògì lílà. Fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Má tọ́ ọ wò ní tútù o, besan tí kò tíì jinná a máa korò!

Gbé páànù kaná, jẹ́ kó gbóná dáadáa, kí o fi ṣíbí kékeré òróró kan pa á lójú. Da ìgbakọ kan sí àárín, fi ẹ̀yìn ìgbakọ tẹ́ ẹ yípo kó fẹ́lẹ́. Bí etí rẹ̀ bá ti ń ṣí, yí i padà. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta tó fún ojú kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń ya, ó lè jẹ́ pé páànù kò tíì gbóná, tàbí pé ẹ̀fọ́ ti pọ̀ jù.

Bó o bá fẹ́ èyí tó súnmọ́ àkàrà jù bẹ́ẹ̀ lọ, pesarattu ti àwọn ará Andhra Pradesh ni. Rẹ ẹ̀wà moong aláwọ̀ ewé mọ́jú, lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti atalẹ̀, kí o sì dín in bákan náà.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ. Hing, èròjà olóòórùn líle tí àwọn ará Íńdíà ń fi sí ẹ̀wà, sábà máa ń ní ìyẹ̀fun àlìkámà nínú bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ tà. Rava dosa, irú pańkéèkì Íńdíà mìíràn, náà wà níbẹ̀: àlìkámà ni rava. Besan pàápàá, wọ́n lè ti lọ̀ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń lọ àlìkámà, nítorí náà wá èyí tí wọ́n kọ gluten-free sí lára. Láti 2013 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti pàṣẹ pé gluten inú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tó ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan. Nínú ilé rẹ náà, ya asẹ́ àti pátákó ìgé-nǹkan tìrẹ sọ́tọ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé dókítà kò tíì sọ nǹkan kan, tó jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo fura pé búrẹ́dì ń da inú rẹ láàmú, má tíì jáwọ́ nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ àrùn celiac, àìsàn tí gluten ń dá sílẹ̀, lè máà rí i bí o bá ti dẹ́kun jíjẹ àlìkámà. Kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Jọ̀ọ́, àbúrò mi, nígbà tó o bá dé ṣọ́ọ̀bù, ka ẹ̀yìn páálí kó o tó wo iye owó.