Omi Kọ́ Ló Fa Ibà Ọmọ Sùúrùlérè

Dókítà, àwọn ọmọ mi méjì ń gbé Èkó, ọ̀kan ní Makoko, ìkejì ní Sùúrùlérè. Wọ́n kó ọmọ wọn wá ṣọdún Kérésì lọ́dọ̀ mi. Bí wọ́n ṣe padà, ibà gbé ọmọ Sùúrùlérè dè, àfi ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ti Makoko, ara rẹ̀ kàn gbóná díẹ̀ ni. Ìyàwó ọmọ mi ní omi tí mo fún ọmọ òun mu ló fà á. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Àgbà, Zion Pepe

Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìyàwó. Omi mímu kì í fa ibà. Ẹ̀fọn tó ń jẹni lóru ló ń gbé e. Ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ ti wá ṣe pàtàkì. Nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018, nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 13 ló ní kòkòrò ibà lẹ́jẹ̀ ní ìgboro, 31 ní ìgbèríko. Iye ti ìgboro yẹn gan-an ń tan èèyàn jẹ. Ẹ̀fọn yìí kì í sábà fò jìnnà sí ibi tí wọ́n pa á sí. Ọmọ tó ń gbé lẹ́bàá àbàtà, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbẹ́ kòtò omi sí, á jìyà rẹ̀. Ọmọ àdúgbò kejì, tí ilé rẹ̀ ní sílìn, tí nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé, ibà lè má kàn án lọ́dún kan gbáko. Ẹ̀fọn inú gọ́tà tó ń han létí yín, òun kọ́ ló sábà ń gbé ibà. Omi òjò tó dúró sójú ọ̀nà ni ẹ̀fọn ibà fẹ́ràn, irú rẹ̀ kan sì ń pa sínú àbàtà omi oníyọ̀ etí òkun, bíi ti ọ̀dọ̀ yín.

Ara ọmọ tí ẹ̀fọn ti ń jẹ látìgbà tó ti wà ní kékeré, bíi ti Makoko lẹ́bàá omi, a máa kọ́ bó ṣe ń bá kòkòrò ibà jà. Ara ọmọ Sùúrùlérè kò tíì kọ́ ọ. Kì í ṣe pé ti Makoko ṣoríire o: ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kú kí ara wọn tó mọ ìjà náà, kòkòrò sì lè sá pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ kó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ọmọ Makoko wò. Bí inú rẹ̀ bá funfun, kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Bí wọ́n bá tún ń bọ̀, kí wọ́n gbé nẹ́ẹ̀tì olóògùn dání, kí ẹ tẹ etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní, torí ilé pákó orí omi bíi ti ọ̀dọ̀ yín kì í ṣàìní àlàfo. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nígbà míì ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ibà tó hàn. Bí ara ọmọ bá gbóná l'Ékòó, kí wọ́n tètè sọ fún dókítà pé etí òkun làwọn ti ń bọ̀.

Ọmọ mi méjì ń sùn lórí ẹní kan, ẹnì kan ṣoṣo ni ibà ń mú. Kí ló dé?
Bàbá Táyé, Igbokoda

Ẹ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótàìpù wọn. AS kì í sábà jẹ́ kí ibà le lára ọmọ. AA kò ní ààbò yẹn. Bó bá jẹ́ SS, ẹ má dúró ti kẹ́mísì rárá, ọsibítù ni. Ẹ sì wo ẹni tó ń sùn létí nẹ́ẹ̀tì: bí oògùn rẹ̀ bá ti lọ, ẹsẹ̀ tó bá fara kàn án, láti ìta lẹ̀fọn á ti jẹ ẹ́.